Ẹja Igi Kì Í Lanu

Ifákọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọjọ́ Àìkú

Sáfù mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Làmídì,

Kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kó bá ọkọ rẹ nínú ẹ̀rín, kó sì bá ìyá ọkọ rẹ lórí ìjókòó. Wàá mọ ìdí tí mo fi ṣe àdúrà tó kẹ́yìn yẹn bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀. Má fò ó o. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa, ìsàlẹ̀ lo máa ń kọ́kọ́ wò, bí ẹni ń wá ẹran nínú ọbẹ̀.

Àlàó tó ń kó màlúù láti ọ̀dọ̀ yín ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Oko Ọba ni mo fi lẹ́tà yìí rán, pẹ̀lú ẹrù kékeré kan tí mo fi bébà ìwé ìròyìn wé. Má tú u títí wàá fi kàwé tán. Ìwé mẹ́rin péré ni bàbá rẹ kà kí tíṣà tó lé e, nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá wọ́, bá mi tẹ̀ ẹ́ tọ́. O mọ ohun tó lé mi. Mo fi ohùn tíṣà sọ láti ẹ̀yìn fèrèsé pé, "Ó tó, ẹ máa lọ sílé," ni gbogbo kíláàsì bá dìde lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ gbé àpò rẹ̀ kó tó rántí pé òun kọ́ ló sọ̀rọ̀.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ìyá ọkọ rẹ, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, kò jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tí Mùíbátù ọmọ rẹ̀ ti kú. O ní lọ́jọ́ kan o gbé oúnjẹ fún un, ó ní kí o gbé e kúrò, ni o bá fi ohùn Mùíbátù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ kí o tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sọ pé, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi jẹ ẹ́." Ó sì jẹ ẹ́ tán. Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́ ni Mùíbátù ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ràṣídì ọkọ rẹ náà mọ̀, ó ní àánú ni. O wá kọ ọ́ sí mi pé, "Bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé!"

Mo rẹ́rìn-ín títí dé ìdajì lẹ́tà náà. Láti ìdajì lọ sísàlẹ̀, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ohun tí mo kà níbẹ̀, màá sọ ọ́ tó bá yá. Bí mo bá kọ́kọ́ sọ ọ́, o ò ní ní sùúrù gbọ́ ìyókù. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe bíi bàbá, kí n to ìmọ̀ràn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní. Má ṣe fi ọkọ rẹ ṣeré fún àwọn ará ilé. Mo mọ̀ pé o ti mọ bó ṣe ń fọnmú kó tó bínú àti bó ṣe ń fa ẹsẹ̀ òsì. Fi sínú. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iléeṣẹ́ abọ́ tánganran ní Ìkẹjà, mo lọ dúró sẹ́yìn pákó, mo fi ohùn fọ́màn wa pariwo pé, "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" Wọ́n pa iná ààrò ńlá. Gbogbo abọ́ inú rẹ̀ bẹ́ bí ẹ̀pà. Fọ́màn ò lu mí. Ó ní, "Làmídì, ṣé o fẹ́ ohùn mi? Ó dáa, wá gba iṣẹ́ rẹ̀ náà." Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dúró níwájú ààrò níbi tí òun máa ń dúró sí, tí irun ìpéǹpéjú mi jóná tán. Ẹni tó bá gbé ohùn ẹlòmíì wọ̀, ó ti gbé ẹrù rẹ̀ náà.

Èkejì. Má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ dilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, wọ́n fún mi ní aago ara ògiri. Oṣù mẹ́ta gbáko, mò ń wẹ̀, mò ń múra, mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń dúró de bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́. Ìyá rẹ ló là mí níjà: "Bàbá Sáfù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe o. Ẹ ti wò mí láti àárọ̀, mi ò lè gé ilá dáadáa." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó, mo ṣa àgékù igi ahùn, mo pọ́n ọ̀bẹ. Ìyá rẹ rò pé ṣíbí ọbẹ̀ ni mo fẹ́ gbẹ́ fún òun. Nígbà tó rí i pé ẹja ni, ó ní, "Èyí tí a ò lè sè!"

Ẹja igi tí mò ń gbẹ́, o ti rí i, ṣùgbọ́n o ò bi mí rí pé kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ìtànjẹ ni. Àwọn apẹja kan wà lápá Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ gún ẹja nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá mọ́. Wọ́n á so ẹja igi mọ́ okùn, wọ́n á sọ ọ́ sómi, wọ́n á máa fà á díẹ̀díẹ̀ kó máa yí bí epìyà tí ara rẹ̀ ò yá. Ẹja ńlá á rí i láti ìsàlẹ̀, á gòkè wá láti gbé e mì, ọ̀kọ̀ á sì bá a níbẹ̀. Mo máa ń gbẹ́ ihò sí ikùn rẹ̀, màá yọ́ òjé sínú rẹ̀ kó má léfòó, màá fi páànù agolo mílíìkì gé lẹbẹ̀ fún un, màá sì tẹ ìlẹ̀kẹ̀ méjì sójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ lanu fún un. Ìlà tín-ín-rín ni màá fà síbi tí ẹnu wà, mo parí.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Òpèbí wá lóṣù tó kọjá, ó fẹ́ fi ọ̀kan kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì rẹ̀. Ó gbé e sókè, ó ń yí i.

"Bàbá, ó rẹwà o! Ṣùgbọ́n ẹja wo ni kò lẹ́nu?"

"Ó lẹ́nu, màdáámù. Ó pa á dé ni."

"Ẹ bá mi là á díẹ̀, kó lè jọ ẹja gidi."

"Màdáámù, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀! Àgbà yìí le o! Ṣé ó máa bú mi ni?"

"Kò ní bú yín. Ó máa pè yín ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó mú u lọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín, àfi eyín tí mo fi hàn án.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà, Àbẹ̀kẹ́, bóyá òun náà sì ni ẹ̀kẹrin àti ẹ̀karùn-ún, torí mi ò rò pé màá lè kà á mọ́ láti ìhín lọ. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá rẹ rí.

Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, a ń gbé ilé alágbàálá kan ní Agége, lẹ́bàá ojú irin. Bàbá arúgbó kan wà nínú yàrá kejì sí tiwa, Bàbá Èbùtè là ń pè wọ́n. Apẹja ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, Ìyá Ṣọlá ọmọ wọn obìnrin, tó ń ránṣọ, ló lọ kó wọn wá láti ìlú wọn létí ọ̀sà. Ẹja igi ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìsinmi. Ìdòwú ọmọ wọn ọkùnrin náà jẹ́ apẹja. Lóṣooṣù ló máa ń gbé igi wá fún wọn, tó sì máa ń kó èyí tí wọ́n bá ti gbẹ́ tán lọ. Ohùn Ìdòwú há, yóò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ohunkóhun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá ni mo ti mú ohùn náà sápò.

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ọkọ̀ ojú omi Ìdòwú padà sétí ọ̀sà, òun ò sí nínú rẹ̀. Wọn ò rí òkú.

Bàbá Èbùtè jáwọ́ nínú igi gbígbẹ́. Wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀bà tí Ìyá Ṣọlá bá gbé síwájú wọn, bó ṣe gbé e sílẹ̀ ló ń bá a.

Bí mo bá sọ fún ọ pé àánú ló mú mi ṣe é, irọ́ ni mo pa. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá mo lè ṣe é ni. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn dúró sí àtàrí, gbogbo àgbà ilé ti jáde. Mo lọ sẹ́yìn fèrèsé wọn, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ní, "Bàbá, mo dé o. Ẹ kú ilé."

Lẹ́yìn náà ni ohùn wọ́n jáde, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ:

"Ìdòwú. Ṣé omi náà tutù?"

Mo ti múra sílẹ̀ fún igbe, mo ti múra sílẹ̀ fún èpè, mo ti kó bàtà mi lọ́wọ́ kí n lè sáré. Mi ò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè. Mo ní, "Kò tutù, Bàbá."

"Ó dáa. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Ó dáa."

Mo dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ìró ọ̀bẹ lára igi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Ìyá Ṣọlá ń jó káàkiri àgbàlá: "Ẹ bá mi wo bàbá mi o! Ẹ̀bà méjì!" Ìyá mi náà ń dúpẹ́. Ta ló máa wá jáwọ́ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀? O rí i pé ohun tó ń ṣe ọ́ yìí, ó ti ṣe mí rí. Ayọ̀ rẹ̀ dùn ju ẹ̀rín lọ. Láti ọjọ́ náà, bó bá di ọ̀sán, Ìdòwú á wá sẹ́yìn fèrèsé. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Làmídì á jókòó lẹ́sẹ̀ Bàbá, á máa kọ́ igi gbígbẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà.

Ẹja àkọ́kọ́ tí mo gbẹ́, mo lanu fún un. Mo tiẹ̀ gbẹ́ eyín sí i. Bàbá Èbùtè fi àtàǹpàkò tọ́ ọ wò, wọ́n sọ ọ́ síná.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ohun tí a fi ń tan nǹkan, a kì í fún un lẹ́nu."

"Bí a bá fún un ńkọ́?"

"Ebi á máa pa á."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò mí, wọ́n sì gbé igi mìíràn lé mi lọ́wọ́.

Kò pẹ́ sígbà náà ni èmi àti ìyá mi lọ sí Abẹ́òkúta fún ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo dé, mo mú ọ̀bẹ, mo jókòó sí àyè mi. Bàbá ò gbójú sókè. Wọ́n ní:

"Ìdòwú wá lánàá."

"Lánàá, Bàbá?"

"Lánàá àti ìjẹta. Ó pè mí ní ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní omi náà tutù, pé kò tíì jẹun."

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó ní kí n kí ẹni tó ń bá òun jẹ́ iṣẹ́ ẹnu. Ó ní ó ti tó báyìí, òun náà ti mọ ọ̀nà."

Mo sọ fún ara mi pé arúgbó ni, pé ọjọ́ ti dàrú mọ́ wọn lójú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ìwọ náà kọ sí ìdajì lẹ́tà rẹ, Àbẹ̀kẹ́. Mo fi í síwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. O ní, "Màmá tiẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Ó ní Mùíbátù bá òun sọ̀rọ̀ pẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ èmi wà níbi ìkómọ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì." Ìlà kejì sí i, o ní kí n wá bá ọ rẹ́rìn-ín, pé Màmá ní kí o bá òun ka ìṣísẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga.

Mi ò lè bá ọ rẹ́rìn-ín sí i.

Jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ Bàbá Èbùtè. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lọ sẹ́yìn fèrèsé mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án, bí mo bá wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n ń dáhùn. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó dáa. Mo gbọ́." Mi ò gbọ́ ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹja kan tó gùn tó apá mi, wọ́n sì la ẹnu fún un gbàgà. Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣebí ẹ ní a kì í ṣe é?" Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe fún ẹja."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Ìyá Ṣọlá ti ọjà dé lọ́sàn-án, kò bá bàbá rẹ̀ nínú yàrá. Ẹni tí a máa ń gbé lọ sílé ìyàgbẹ́! Gbogbo ilé tú síta. Ìgbà náà ni wọ́n ń la ọ̀nà tuntun fún àwọn iléeṣẹ́ tó ń bọ̀ ní Ìkẹjà, wọ́n ti wa yangí lẹ́yìn ojú irin títí ilẹ̀ fi di kòtò ńlá, òjò sì ti kún un. Ibẹ̀ la ti bá wọn. Wọ́n dúró nínú omi pupa náà dé àyà, lórí ẹsẹ̀ tí kò lè dúró. Wọ́n mú okùn lọ́wọ́, ẹja ẹlẹ́nu náà wà níwájú wọn, wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀. Atẹ́gùn ò fẹ́. Ṣùgbọ́n omi ń mì ní òdìkejì okùn, bí ìgbà tí nǹkan ń gòkè bọ̀.

Ọkùnrin mẹ́ta ló wọ́ wọn jáde. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi. Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi."

Òtútù ti wọ̀ wọ́n láyà. Wọn ò lò tó ọjọ́ mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n kú, wọ́n ní kí wọ́n pe èmi nìkan wá. Wọ́n gbé ẹja náà lé mi lọ́wọ́. "Gbà á. Ìwọ lo mọ ohun tí a fi ẹnu ṣe." Mo gbà á. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Mi ò jẹ́wọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, Bàbá," mo sì jáde.

O mọ ẹja náà. Òun ló ń rọ̀ lókè ẹnu ọ̀nà yàrá wa, tí mo máa ń nà yín bí ẹ bá fọwọ́ kàn án.

Kò sì tíì tó. Ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, o dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, o fi ohùn mi sọ pé, "Ìyá Sáfù, bu oúnjẹ mi wá." Ìyá rẹ bu ún, o jẹ ẹ́. Ó yẹ kí n bá ọ wí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀, mo tún fún ọ ní ẹran kún un. Ẹran tí mo fún ọ lọ́jọ́ yẹn ló wá ń há mi lọ́fun lónìí, ọmọ mi. Èmi ni mo kọ́ ọ, má ṣe rò pé ìwọ nìkan ni mò ń bá wí.

Láti ọjọ́ tí lẹ́tà rẹ ti dé ni ilẹ̀ abẹ́ ẹja náà ti ń tutù. Ẹ̀ẹ̀rùn la wà, òrùlé ò sì jò. Ìyá rẹ ní ewúrẹ́ Ìyá Ìjẹ̀bú ló wá tọ̀ síbẹ̀. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo nù ún, ó tún tutù. Lọ́jọ́ Àlàmísì tó kọjá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo wọ bàtà, mo gba Agége lọ. Ìyá Ṣọlá ṣì wà láàyè, ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ilé kan náà ló sì wà.

"Ta nìyẹn?"

"Làmídì ni, mà. Ọmọ Ìyá Làmídì, yàrá kejì."

"Áà! Olè ohùn! Ìwọ náà ti hewú? Wá jókòó."

Olè ohùn. Mo ti mọ̀ níbẹ̀ pé mi ò ní nǹkan tuntun láti sọ. Síbẹ̀ mo dọ̀bálẹ̀, mo rò ó tán. Ó ń jẹ obì, ó ń fetí sílẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín.

"O rò pé bàbá mi ò mọ̀? Láti ọjọ́ kìíní! Ìdòwú kì í pè é ní Bàbá, àfi bí àlejò bá wà nílé. 'Ọ̀rẹ́ mi' ló ń pè é. Bàbá sọ fún mi pé, 'Ọmọ Ìyá Làmídì tún ti dé. Fi í sílẹ̀, ohùn náà ń ṣe mí lóore.'"

Àbẹ̀kẹ́, ogójì ọdún ni mo fi gbé òkúta kan láyà, ìyá arúgbó wá gbé e kúrò bí ẹni gbé ìyẹ́ adìẹ. Mo sunkún. Mo ní, "Ìyá, ó ti parí nìyẹn?"

Ó dáwọ́ obì jíjẹ dúró.

"Ohùn tìrẹ ni Bàbá mọ̀, tó ń bá ṣeré. Èyí tó pè é ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé lọ sí kòtò."

"Ṣé Ìdòwú ni?"

"Mi ò mọ̀. Mo jókòó síbí, mò ń ránṣọ, ó pe èmi náà lórúkọ. Mi ò dáhùn. O wà ní Abẹ́òkúta, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ." Ó nu ẹnu rẹ̀. "Nǹkan kan ń kọjá lọ lọ́nà tirẹ̀, Làmídì. Ó gbọ́ pé ní ilé yìí, bí ẹni tó ti lọ bá pè, wọ́n ń dáhùn. Ìwọ lo kọ́ wa ní dídáhùn."

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Ṣe é lọ́jọ́ tí Àlàó bá já lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, má ní ó di ọ̀la.

Kọ́kọ́ dé kànga ẹ̀yìnkùlé yín. Kí Ràṣídì gbé òkúta lé ìdérí rẹ̀, èyí tí ènìyàn méjì ò lè dá gbé. Kí ìyá ọkọ rẹ má dá wà lọ́sàn-án mọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ìwọ àti Ràṣídì jọ wọlé tọ̀ ọ́, kí ẹ kúnlẹ̀. Tú bébà náà. Ẹja igi kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí mo gbẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Fi í sí ìyá lọ́wọ́. Afọ́jú ni, ọwọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀. Jẹ́ kí ó fi ìka wá ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rí i pé ó pa dé. Kí o wá fi ohùn ara rẹ, èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ ọ, sọ pé, "Màmá, èmi Sáfù ni. Èmi ni mò ń fi ohùn Mùíbátù bá yín sọ̀rọ̀. Mùíbátù ò wá. Èyíkéyìí tó bá tún wá, kì í ṣe èmi, ẹ má dá a lóhùn."

Ó lè sunkún. Ó lè bú ọ, ó lè kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Bá a sunkún, gba èébú náà, sì tún gbé oúnjẹ wá. Bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ tìrẹ. Ẹ̀kọ tí ìyàwó ilé fi ẹ̀bẹ̀ fún un mu díẹ̀díẹ̀ sàn ju iyán tí òkú bá a gún. Ó sì ṣeé ṣe kó ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní, bíi Bàbá Èbùtè. Má jẹ́ kí ìyẹn tàn ọ́. Bóun bá ti mọ tìrẹ, kò mọ ti èkejì.

Ní tèmi, láàárọ̀ yìí, mo sọ ẹja ẹlẹ́nu náà kalẹ̀. Mo gbẹ́ èèkàn igi ahùn kan, mo fi òòlù gbá a sí ẹnu rẹ̀ títí ó fi dí pinpin. Bí mo ṣe ń gbá a lọ́wọ́, ẹnì kan pè mí láti ẹ̀yìn ilé. "Bàbá, mo dé o. Ẹ kú ilé." Ohùn tìrẹ ni, Àbẹ̀kẹ́. Bí o ṣe máa ń fa "ilé" yẹn gùn gan-an ni. Ayọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ mi kan nílẹ̀. Mo wá rántí pé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ jìn, pé o ò sì kọ̀wé pé o ń bọ̀. Mi ò dáhùn. Ìyá rẹ, tí kò mọ nǹkan kan, jáde lọ wò ó, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Etí wa ló ń ro ọmọ náà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mò ń gbá èèkàn lọ.

Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí á jọ mú un ní òfin, láti òní lọ. Bí o bá ń bọ̀ wá sí Ifákọ̀, kọ̀wé ṣáájú, kí n lè dá ọ lóhùn pẹ̀lú ayọ̀. Èmi náà ń bọ̀ wá wo ìyá ọkọ rẹ lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀, màá sì kọ̀wé. Lẹ́tà á kọ́kọ́ dé, kí bàbá rẹ tó dé.

Bí ẹ bá gbọ́ ohùn mi lẹ́yìn ilé yín láìjẹ́ pé lẹ́tà ti dé, bó ti wù kó dùn tó, bó bá pè ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́, bó bá sunkún, ẹ jẹ́ kó máa pè. Èmi kọ́.

Bàbá rẹ,
Làmídì